Alága Tó Fi Alùpùpù Yìnyín Ra Ìpín Kan

Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ẹni tó ní jù lọ ló gbọ́n jù lọ, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin gan-an la ní lọ́kàn.

Ní ìlú Otter Falls, létí Adágún Superior, níbi tí yìnyín ti máa ń ga dé ojú fèrèsé kí ọdún tó parí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Duane Hiltula. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Onni Hiltula, tó ti ilẹ̀ Finland wá, ló dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti ń rọ ààrò irin fún sáúnà. Ní Otter Falls, ilé tí kò bá ní sáúnà, ilé àlejò ni. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, wọ́n á dáná sínú ilé igi kékeré náà títí òkúta orí ààrò á fi gbóná janjan. Tẹbí tará á ró tòwẹ́lì, wọ́n á jókòó sórí àga pákó, wọ́n á da omi sórí òkúta, oru á bò wọ́n, òógùn á sì máa ṣàn. Bí ó bá tó wọn, wọ́n á sáré jáde lọ bọ́ sínú omi tútù, wọ́n á sì máa kígbe bí ọmọdé.

Onni mọ ọmọ aráyé. Ó rí i pé ẹni tó bá ń làágùn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ gígùn, ẹni tó bá sì ró tòwẹ́lì kì í rí ibi gbé ìgbéraga pamọ́ sí. Nítorí náà ló ṣe fi lélẹ̀ pé inú sáúnà òun ni kí àwọn tó ni kọ́ńpánì ti máa ṣe ìpàdé ọdọọdún. Ó wá pín kọ́ńpánì náà sí ọgọ́rùn-ún ìpín. Ó fún ọmọkùnrin rẹ̀, bàbá Duane, ní àádọ́ta. Ó fún Saima ọmọbìnrin rẹ̀ ní ogójì, ó sì fún Roy, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ní mẹ́wàá. Àádọ́ta níhìn-ín, àádọ́ta lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó lè dá nǹkan ṣe láìwo ojú ẹnì kejì. Ẹ̀rín wà lẹ́nu bàbá àgbà nígbà tó kú, ó rò pé òun ti dí gbogbo ihò.

Ó gbàgbé alùpùpù.

Nígbà tí bàbá Duane papò dà, àádọ́ta ìpín bọ́ sọ́wọ́ Duane. Àádọ́ta! Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lójú oorun pàápàá, ó ń rí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù, ó ń fò bí ẹfọn, kò rí i mú. Lọ́jọ́ kan, ó wa alùpùpù yìnyín rẹ̀ aláwọ̀ ewé, irú èyí tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín, lọ sílé Roy. Roy nìyí: ọmọ ogún ọdún, tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

"Roy, ìpín kan péré ni mo fẹ́," ni Duane wí. "O ní mẹ́wàá. Kí ni kan nínú mẹ́wàá?"

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ìpín yẹn?"

"Alùpùpù ni mò ń bèèrè! Ta ló ń bèèrè ìpín?"

Báyìí ni wọ́n ṣe bọ ara wọn lọ́wọ́. Kí òtútù tó lọ, Roy gun alùpùpù náà sórí adágún nígbà tí yìnyín ti ń fẹ́lẹ́. Roy móríbọ́, alùpùpù rì. Bí a bá wá ka ohun tó kù lọ́wọ́ kálukú, Roy ní ìpín mẹ́sàn-án àti ọ̀fìnkìn, Duane sì ní mọ́kànléláàádọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ló ń bí mi nínú. Ẹni tó ní mọ́kànléláàádọ́ta a máa pàṣẹ bí ẹni tó ní gbogbo ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ní mọ́kàndínláàádọ́ta a sì di ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé ara wọn lẹ́nu àlejò. Ìpín kan ló wà láàárín ọba àti ìwọ̀fà, ohun tí wọ́n sì fi ra ìpín kan náà ti wà lábẹ́ omi pẹ̀lú ẹja.

Ọjọ́ kejì ni Duane sọ ara rẹ̀ di Alága, Ààrẹ àti Olùdarí Àgbà. Ó ra agogo ńlá kan sí ẹnu géètì. Tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ láàárọ̀, Gordon Tripp, Igbákejì Ààrẹ, á lu agogo, àwọn wẹ́dà á sì pa iná, wọ́n á dìde dúró. Iṣẹ́ Gordon ni pé kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíì tó rẹ́rìn-ín, kó sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà níṣẹ́. Àwọn ìgbà kan wà tó ti rẹ́rìn-ín kí Alága tó dé ìdí àwàdà.

Ní ọdún kejì, Alága fi bàbà rọ àmì ẹ̀yẹ kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ọmọdé, ó ní kí wọ́n ya ojú òun sí i. Wọ́n ṣe ayẹyẹ. Alága pe orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn: ara rẹ̀ ni. Ó jáde, ó fi í kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bọ ọwọ́ òsì, ó ní òun kò retí rẹ̀ rárá. Gordon sunkún. Láti ọjọ́ náà, àmì ẹ̀yẹ náà kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Àṣejù baba àṣetẹ́. Àsè alẹ́ kan tí àwọn oníṣòwò ṣe ní ilé ìtura kan ní Marquette ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọkùnrin abìkùn-ńlá kan tó ń jẹ́ Prescott, tó ń ta ẹ̀rọ ìgbẹ́rù ńlá, jókòó ti Duane.

"Hiltula, èèló ni kọ́ńpánì tìrẹ ń san fún owó orí lórí èrè?"

"Kì í san. Ipò tí ìjọba ń pè ní S la wà. Àwa tá a ni ín là ń san án, kálukú ní ìwọ̀n ìpín rẹ̀."

Prescott rẹ́rìn-ín títí ẹja fi bọ́ lórí fọ́ọ̀kì rẹ̀. "Yé è! Ọmọ ọwọ́ ni! Àwọn òbí rẹ̀ ló ṣì ń sanwó fún un! Hiltula, ìgbà wo lo máa já a lẹ́nu ọmú?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ohun tó dun Duane jù ni pé Gordon ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí pé ó ti mọ́ ọn lára.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà lọ, Duane ń ka igi páínì tí wọ́n ń kọjá. Níkẹyìn ó ní, "Gordon, ṣé ọmọ ọwọ́ ni kọ́ńpánì mi?"

"Ká má rí i! Alága, kọ́ńpánì yín ti hu irùngbọ̀n."

"Kò ní wà ní ipò S mọ́. Á máa san owó orí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bí àgbàlagbà."

Ọdún náà gan-an ni ìjọba dín owó orí tí àwọn kọ́ńpánì ń san kù. Duane jókòó, ó fi ohun tí kọ́ńpánì á san wé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń san, ó rí i pé ti kọ́ńpánì kéré gan-an. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lu agogo fúnra rẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé owó tó ti san owó orí nínú kọ́ńpánì, bó bá ti ń jáde bọ̀ wá sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, agbowó orí á tún pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú àbọ̀."

Ó pe ìpàdé, ṣùgbọ́n kò pè é sí sáúnà. Ilé ìtura ló gbà, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n sì gbé àga Alága sórí pèpéle. Saima, àbúrò bàbá rẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá pẹ̀lú bàtà yìnyín rẹ̀. Roy wá. Marvin Beauchamp, oníṣirò owó kọ́ńpánì, náà wá, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Alága dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin olùkópa nínú ìrìn àjò ńlá yìí! Nígbà tí ayé ṣì ṣókùnkùn, tí kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ààrò àti àdògán, ìdílé Hiltula dìde! Lónìí, mo dúró níwájú yín bí ẹni tó dúró lórí òkè, mo ń wo ọjọ́ iwájú, ọjọ́ iwájú náà sì ń wò mí!"

"Ó ń wò wọ́n!" ni Gordon kígbe.

"Ó ti tó gẹ́ẹ́! Kọ́ńpánì yìí kò ní máa jẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín mọ́! Á dìde! Á rìn! Á san owó orí rẹ̀ bí ọkùnrin!"

Roy fẹnu sétí Saima. "Àǹtí, ká ní inú sáúnà la wà ni, ì bá ti dákẹ́ láti àná."

Marvin gbọ́wọ́ sókè. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà. Láti jáde nínú ipò S, àwọn tó ní ju ìdajì ìpín lọ ló ní àṣẹ, ẹ sì ní i. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti jáde, ó di ẹ̀yìn ọdún márùn-ún kẹ́ ẹ tó tún lè bèèrè àtiwọlé. Ìgbà yẹn náà, ó tún ku..."

"Marvin! Ṣé mo ní mo fẹ́ padà wọlé? Ẹyẹ idì a máa bèèrè ọ̀nà àtipadà sínú ẹyin bí? Lọ jẹ kéèkì."

Marvin lọ jẹ kéèkì. Ó kúkú dùn.

Saima ló wá dìde. "Duane, ọmọ mi, gbọ́ mi. Èrè tí mò ń gbà lọ́dọọdún ni mo fi ń san owó ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà lórí ilé Bàbá, òun ni mo fi ń ra igi ìdáná. Tí wọ́n bá gé owó náà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, kí ló máa kù fún mi? Àwọn ará Chicago tó ń wá síbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bèèrè iye tí mo máa ta ilé náà. Wọ́n ní àwọn máa wó sáúnà Bàbá, káwọn fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Duane wò ó láti orí pèpéle, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ sọ ohun tí wọ́n á gbẹ́ sára òkúta. "Àǹtí Saima, ìtàn kì í dúró de ilé onígi."

"Áà," ni Saima wí, ó jókòó. "Ṣùgbọ́n ìwọ yóò dúró dè mí lọ́jọ́ kan."

Wọ́n dìbò. Saima kò gbà. Roy kò gbà. Alága na ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó gbójú sókè wò ó, ó ní, "Ọwọ́ tó pọ̀ jù ti borí." Gordon, tí kò ní ìpín kankan, na ọwọ́ méjèèjì.

Ọdún kan kọjá. Alága pín èrè, ó sì rí i pé èyí tó dé ọwọ́ òun rù hangogo. Ó pe Marvin.

"Ta ló mú ìyókù owó mi?"

"Ìjọba ni, Alága. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́ kọ́ńpánì, wọ́n tún wá mú un lọ́wọ́ yín."

"Lẹ́ẹ̀mejì! Èwo nìyẹn? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kéèkì ni mò ń jẹ."

Alága rìn yí tábìlì ká. Gordon náà rìn yí i ká lẹ́yìn rẹ̀. Gordon ló ní ọgbọ́n tó gbẹ̀yìn náà. "Alága, ká má pè é ní èrè mọ́. Ká pè é ní owó oṣù yín. Owó oṣù kì í san owó orí lẹ́ẹ̀mejì."

Òótọ́ ni, ẹ má rò pé irọ́ ni. Báyìí ni owó oṣù Alága ṣe ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po ìwúkàrà mọ́, títí tó fi gbé gbogbo èrè kọ́ńpánì mì. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò sí èrè mọ́, kò sí ohun tó kan Saima àti Roy. Ẹ rí i? Ẹni tó ní ìdajì ó lé ẹyọ kan ti jẹ ìdajì tirẹ̀, ó sì ti jẹ ìdajì ẹlòmíì, ó tún fi àkàrà nu ẹnu.

Ṣé Saima wá jókòó, ó ń sunkún? Ẹ kò mọ Saima nìyẹn. Ó kọ pátákó sẹ́bàá títì: SÁÚNÀ ONNI, KỌFÍ ÀTI BÚRẸ́DÌ NISU. Búrẹ́dì dídùn àwọn ará Finland ni nisu. Àwọn ará Chicago tó fẹ́ wó ilé náà wá di oníbàárà rẹ̀. Wọ́n ń sanwó kí ooru lè pa wọ́n, wọ́n sì ń sanwó kí òtútù lè jí wọn. Roy ló ń la igi. Owó tó ń wọlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé owó ilẹ̀ náà sórí omi. Ọdún kan tí yìnyín kò jẹ́ káwọn oníbàárà wá, ó ku díẹ̀ kí ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Saima ta ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ọdún kẹrin tí wọ́n ti jáde nínú ipò S ni obìnrin kan láti ọ́fíìsì owó orí dé. Wanda Sobczak lorúkọ rẹ̀. Gordon rí ọkọ̀ lẹ́nu géètì, ó rò pé Alága ni, ó lu agogo. Gbogbo àwọn wẹ́dà dìde dúró. Wanda wò yíká, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ṣé iná ń jó ni?"

Ó jókòó níwájú Alága, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Hiltula, owó oṣù yín pọ̀ gan-an. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe."

"Èmi ni Alága, Ààrẹ àti Olùdarí Àgbà."

"Oyè nìyẹn. Iṣẹ́ ni mo bèèrè."

"Mò ń darí."

"Kí lẹ darí lánàá?"

Duane wo òkè àjà. "Lánàá... mo ronú lórí ọjọ́ iwájú."

"Ó ronú!" ni Gordon wí. "Ẹlẹ́rìí ni mí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ronú. Àwa méjèèjì la jẹun ọ̀sán tán kí wọ́n tó ronú ọ̀hún parí."

Wanda dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́. Ó bi Tina LaFave, tó ti ń jó irin níbẹ̀ láti ìgbà tí Onni ti wà láyé.

"Ṣé Alága? Wọ́n ń ṣiṣẹ́ o! Wọn kì í jẹ́ kí agogo yẹn sinmi."

"Ṣé wọ́n máa ń wá sí ìdí ẹ̀rọ?"

"Wọ́n wá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n bèèrè ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà."

"Ẹ má purọ́ mọ́ Alága," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí iná fi kú lọ́wọ́ wọn. Gordon tó wà lórí àkàbà náà rẹ́rìn-ín, ó wá rántí, ó dákẹ́.

Ìdájọ́ ọ́fíìsì owó orí kò gùn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Hiltula ń ṣe kò ju iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lọ, owó ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí sì ni owó oṣù tó tọ́ sí i. Ìyókù kì í ṣe owó oṣù rárá. Èrè ló pín fún ara rẹ̀, kí kọ́ńpánì wá san owó orí rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn. Alága ka gbólóhùn ti ilé ìkẹ́rùsí náà ní àkàtúnkà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ sọ pé ilé ìkẹ́rùsí ńlá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù dún.

"Duane, Àǹtí rẹ nìyí. Mo gbọ́ pé ìjọba ní èrè lo pín ní gbogbo ọdún wọ̀nyí."

"Àǹtí Saima, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀..."

"Kò jinlẹ̀. Bó bá jẹ́ èrè lo pín, tiwa dà?"

Ìbéèrè kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bó bá dé etí adájọ́, adájọ́ á ní kí Duane san tiwọn. Duane mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òógùn bò ó láìsí sáúnà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ta agogo, wọ́n ta àga orí pèpéle. Gordon Tripp kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé, ó lọ bá Prescott ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ pé ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún márùn-ún kù díẹ̀ kó pé, Duane lọ sí ọ́fíìsì Marvin fúnra rẹ̀. Kò ránṣẹ́ pè é. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Marvin, dá wa padà sí ipò S. Mo ti gbà. Mo ní mọ́kànléláàádọ́ta, mo pàṣẹ."

Marvin bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Alága, ohun tí mo fẹ́ sọ ní ọjọ́ kéèkì nìyẹn. Láti jáde, ìdajì ó lé ẹyọ kan tó. Láti wọlé, gbogbo ẹni tó bá ní ìpín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

"Gbogbo wọn?"

"Bí ẹ tilẹ̀ ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, tí ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo bá ní òun kò ṣe, ó parí."

Ìgèrè tí wọ́n hun sódì ni òfin náà. Ẹja ńlá lè fi ipá jáde nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kó tó tún wọlé, àfi kí gbogbo ẹja kéékèèké ṣílẹ̀kùn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ òfin yìí ní ẹ̀gbọ́n bí i Duane.

Duane pe Saima, ó ní kó jẹ́ kí wọ́n pàdé nílé ìtura.

"Sáúnà," ni Saima wí. "Lọ́jọ́ Sátidé."

Ó dé pẹ̀lú kóòtù dúdú àti bàtà tó ń dán. Nínú yàrá ìmúra, ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ró tòwẹ́lì. Marvin rí i, ẹnu yà á. "Alága, ẹ ò yọ àmì ẹ̀yẹ ọrùn yín?"

"Alága kì í fi ọrùn lásán dúnàádúrà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọdé ọdún mẹ́ta ní Otter Falls mọ̀ pé èèyàn kì í wọ irin wọ sáúnà. Òrùka ìgbéyàwó pàápàá, ìta ni wọ́n ń fi sí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí Duane ti wọbẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ti ń rọ ààrò tà fún àwọn èèyàn títí tó fi gbàgbé ohun tí ààrò ń ṣe.

Ó wọlé. Saima wà lórí àga òkè, Roy wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò pẹ̀lú korobá omi. Duane jókòó láàárín, ó tún ọrùn ṣe.

"Ẹ̀yin olùkópa nínú ìrìn àjò ńlá yìí! Nígbà tí ayé ṣì ṣókùnkùn..."

Roy da omi sórí òkúta. Ṣáááá!

"...tí kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀... láàárín ààrò..."

Roy tún da omi.

"...àti... yéè!" Duane fò dìde. Bàbà kò mọ ẹni tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí òun lára. "Yéè! Àyà mi! Ẹ gbà mí o!"

Ó fi orí ṣí ilẹ̀kùn. Ó jáde sínú yìnyín, ó dojú bolẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè tutù, àmì ẹ̀yẹ náà ń dún ṣìì-ṣìì bí ẹyin nínú òróró. Ó yí gbirigbiri lọ́tùn-ún, ó yí lósì, títí tó fi forí gbá ohun líle kan tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ nù ún. Irin tó ti dípẹtà ni, pẹ̀lú àbùlẹ̀ ọ̀dà aláwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ lára.

Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Saima dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, oru ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Roy fà á jáde lábẹ́ omi. A ti ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́. Gba alùpùpù rẹ, kí o dá ìpín Roy padà."

"Àǹtí! Kò ṣiṣẹ́ mọ́!"

"Ìpín náà kò ṣiṣẹ́ fún Roy rí," ni Saima wí. "Àádọ́ta níhìn-ín, àádọ́ta lọ́hùn-ún, bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Wàá san èrè wa tó o jẹ. Wàá tún fọwọ́ sí i pé láti òní lọ, kò sẹ́ni tó máa dá yí ipò kọ́ńpánì padà láìjẹ́ pé gbogbo wa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà á fọwọ́ sí ti S."

"Ẹ jẹ́ kí n... ẹ jẹ́ kí n ronú lé e lórí."

"Ronú. A kò kánjú."

Duane wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ti ń pọ́n bí ata. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó lè ronú láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀. Lórí yìnyín, láìwọ bàtà, ó rí i pé òun lè yára ronú gan-an.

"Mo gbà."

"A ò gbọ́ o!" ni Roy kígbe láti inú ilé.

"Mo ní mo gbà!"

Nínú yàrá ìmúra ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, Marvin ń fi tòwẹ́lì nu bébà kí òógùn má bàa pa yíǹkì rẹ́. Saima gbé kọfí àti búrẹ́dì nisu jáde. Kò rí ohun tí ó máa gbé kẹ́tùrù gbígbóná lé, ló bá mú àmì ẹ̀yẹ tí Duane ti yọ lọ́rùn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ìdojúdé, ó gbé kẹ́tùrù lé e. Ó gba kẹ́tùrù náà rẹ́gí. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Nígbà tó yá, Roy sọ àwàdà kan nípa ẹja tó ń gun alùpùpù, Duane sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Wọ́n padà wọ inú ooru. Duane gun àga lọ jókòó, àyà rẹ̀ pupa róbótó níbi tí ojú tirẹ̀ ti jó o. Ó wo yíká. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó gùn díẹ̀.

"Alága," ni Saima wí, "omi ti tán."

Duane pa ẹnu dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé korobá, ó sì lọ pọnmi.